Oníduùró Àháyà Kì í Ṣe Oníduùró Tí Òfin Mọ̀

Láàárín oṣù méjì péré, ẹni mẹ́rin ni ó ti gbé ọ̀rọ̀ kan náà wọ ọ́fíìsì mi. Adájọ́ ti gba béèlì èèyàn wọn, wọn kò tètè rí ẹni tí yóò dúró fún un, ọkùnrin kan tí ó máa ń rìn kiri ní ẹnu géètì kóòtù sì sọ fún wọn pé iṣẹ́ òun nìyẹn, kí wọ́n ṣáà mú owó wá. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti sanwó kí wọ́n tó rántí pé àwọn ní lọ́yà. N kò ní máa ṣàlàyé ohun tí béèlì jẹ́, nítorí ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ti sun àtìmọ́lé rí mọ̀ ọ́n. Oníduùró àháyà yìí gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Òfin Nàìjíríà mọ ẹni tí ó ń fi ìdúró béèlì ṣe òwò. ACJA ti ọdún 2015, òfin tí ó ń darí ìgbẹ́jọ́ ẹ̀sùn ọ̀daràn ní àwọn kóòtù ìjọba àpapọ̀ àti ti Àbújá, fi àyè sílẹ̀ fún un ní abala 187, bẹ́ẹ̀ ni òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2007, tí wọ́n tún ṣe ní 2011, ti ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo okùn tí ACJA so mọ́ onítọ̀hún lẹ́sẹ̀. Adájọ́ Àgbà ni ó ń ṣe ìlànà ìforúkọsílẹ̀ àti ìwé àṣẹ, ẹ̀ka kóòtù tí ènìyàn bá sì ti forúkọ sílẹ̀ nìkan ni ó ti lè dúró fún ẹnikẹ́ni. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ìwà rẹ̀ kò ní àbàwọ́n. Ó gbọ́dọ̀ mú ìwé onígbọ̀wọ́ láti báǹkì wá fún Adájọ́ Àgbà, kí ó sì fi owó gidi pamọ́ sí báǹkì tàbí ilé iṣẹ́ adójútòfò tí ìwé àṣẹ rẹ̀ dárúkọ, owó tí yóò tó gbogbo béèlì tí wọ́n yọ̀ǹda fún un láti gbé. Bí ó bá tàpá sí ohun tí ìwé àṣẹ náà sọ, Adájọ́ Àgbà lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ṣe òwò náà láìní ìwé àṣẹ yóò san ìtanràn ₦500,000, tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 12 lọ, tàbí kí ó jẹ méjèèjì pọ̀.

Ọkùnrin ẹnu géètì kò ní ọ̀kankan nínú wọn. Fáìlì kan ni ó ní, tí ìwé ilẹ̀ onílẹ̀ àti ìwé owó orí ayédèrú wà nínú rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ kóòtù bá lọ wo àdírẹ́sì rẹ̀ tí wọn kò bá a níbẹ̀, inú ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ọmọ yín yóò wà, owó yín kò sì ní padà wá. Irọ́ tí ó fi búra níwájú kóòtù lè sọ ọ́ di ẹlẹ́wọ̀n ọdún 14 lábẹ́ Criminal Code, òfin tí ó ń fi ìyà jẹ ọ̀daràn, àwọn ọlọ́pàá yóò sì fẹ́ mọ ẹni tí ó mú un wá. Ohun tí ó tún dùn mí ni pé méjì nínú àwọn mẹ́rin yẹn ní ẹ̀gbọ́n obìnrin tí ó ní ilé tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnìkan ti sọ fún wọn pé kóòtù kì í gba obìnrin. Ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀? Abala 167 ti ACJA sọ ọ́ kedere pé a kò gbọ́dọ̀ kọ oníduùró nítorí pé ó jẹ́ obìnrin.

Òmíràn nínú wọn ní òun kò bẹ̀rù, nítorí ọkùnrin náà ti mú ọmọ òun fi ahọ́n kan irin pé kò ní sá. N kò bá Ògún jà, mo sì mọ̀ pé wọ́n máa ń fi irin búra ní kóòtù ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n adájọ́ tí ó ní kí wọ́n mú oníduùró tí ó ní dúkìá wá kò ní kọ irin sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí dúkìá.

Apá tí mo máa ń tẹnu mọ́ jù lọ ni ti mímú ènìyàn. Fíìmù Amẹ́ríkà ti kọ́ àwọn èèyàn wa pé oníduùró lè já ilẹ̀kùn, kí ó gbé ènìyàn sínú búùtù ọkọ̀, kí ó sì tì í mọ́lé títí yóò fi wù ú. Lóòótọ́, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fún àwọn oníduùró ibẹ̀ ní agbára tí ó pọ̀ ní ọdún 1872, ṣùgbọ́n Illinois, Kentucky, Oregon àti Wisconsin ti fòfin de òwò náà pátápátá. Tiwa yàtọ̀. Abala 188 ti ACJA sọ pé oníduùró tí ó ní ìwé àṣẹ, bí ó bá mú ẹni tí ó ń sá fún kóòtù, gbọ́dọ̀ fà á lé àgọ́ ọlọ́pàá tí ó sún mọ́ jù lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì gbé e dé kóòtù láàárín wákàtí 12. Kò gbọ́dọ̀ gbé e lọ sílé ara rẹ̀. Abala 7 sì sọ pé a kò gbọ́dọ̀ mú ẹnìkan dípò ẹlòmíràn. Láyé àtijọ́, ológò a máa lọ jókòó ti onígbèsè, a máa mú ewúrẹ́ àti adìyẹ ilé náà títí ìdílé yóò fi sanwó. Òfin òde òní kò fún oníduùró kankan ní iṣẹ́ ológò.

Ìyá kan tí mo ń ṣe lọ́yà fún ní ọmọkùnrin méjì. Wọ́n fi ẹ̀sùn jìbìtì kan ẹ̀gbọ́n, ìdílé sì lọ háyà oníduùró láìsọ fún mi. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n kò yọjú ní ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, ọkùnrin náà kó géńdé mẹ́ta lọ sílé wọn. Àbúrò ni wọ́n bá níbẹ̀. Wọ́n tì í mọ́ ṣọ́ọ̀bù kan, wọ́n sì fi ìwé kan tí òǹtẹ̀ pupa wà lára rẹ̀ han ìyá pé kóòtù ni ó fún àwọn láṣẹ. Agogo mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ kẹta ni ó tó pè mí.

Mo ní, “Màmá, kí ló dé tí ẹ kò pè mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́?”

Ó ní, “Lọ́yà mi, wọ́n ní bí mo bá pè yín, ọ̀rọ̀ yóò di ńlá.”

Òru yẹn náà ni èmi àti àwọn ọlọ́pàá ṣí ṣọ́ọ̀bù náà. Ẹ̀gbọ́n fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà sí kóòtù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, adájọ́ sì fagi lé béèlì rẹ̀. Àbúrò kò jẹ̀bi ohunkóhun, ṣùgbọ́n àárọ̀ ọjọ́ kejì tí ó wà ní àhámọ́ ni wọ́n ṣe ìdánwò ìṣirò WAEC, ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ó sì tó tún jókòó fún un.