Orí Owó Ẹyọ Ni Òǹkà Wa Ti Ṣẹ̀

Láti kékeré ni òǹkà Yorùbá ti ń wù mí, pàápàá jù lọ ọ̀nà tó ń gbà yọ nǹkan kúrò. Ẹ wo 47. Mẹ́tàdínláàádọ́ta là ń pè é. Àádọ́ta fúnra rẹ̀, ẹ̀wá tó dín nínú ọgọ́ta ni. Ọgọ́ta sì rèé, ogún mẹ́ta ni. Ẹni tó pe 47 ti sọ ogún di ọgọ́ta, ó ti yọ mẹ́wàá, ó tún ti yọ mẹ́ta, kó tó pa ẹnu dé. Ẹ gòkè díẹ̀ sí i. 50 jẹ́ 60 tó dín 10. 500, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, jẹ́ 600 tó dín 100. 5,000, ẹ̀ẹ́dẹ́gbàata, jẹ́ 6,000 tó dín 1,000. Bó ṣe rí lórí ogún, bẹ́ẹ̀ náà ló rí lórí igba àti ẹgbàá. Ta ló kọ́kọ́ ro irú èyí?

Ọlọ́jà tó ń ka owó ẹyọ ni, mo gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Adolphus Mann, òjíṣẹ́ CMS (ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà) tó gbé ilẹ̀ Yorùbá, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1887 bí wọ́n ṣe ń kà á. Wọ́n á da owó sílẹ̀, wọ́n á kúnlẹ̀ tì í, wọ́n á máa fà á ní márùn-ún márùn-ún. Bí wọ́n bá fà á nígbà ogún, ọgọ́rùn-ún pé. Wọ́n á ka ọgọ́rùn-ún mìíràn, wọ́n á gbá méjèèjì pọ̀, ó di igba. Ẹni tó ti fà á lẹ́ẹ̀mẹta mọ̀ pé ìfà kan péré ló kù kí ogún pé. Lójú tèmi, ìdí nìyẹn tí 14 fi ń jẹ́ mẹ́rìnlá, àmọ́ tí a bá dé 15, a ti kọjú sí ogún: àrún ló dín.

Àwọn kan ní ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ ló bí i. Ìka lè bí ogún, kò lè bí ìyọkúrò. Àwọn mìíràn ní Ifá ni, nítorí ojú odù 16 àti odù 256. Ṣùgbọ́n ẹ́rìndínlógún ni a ń pe 16 yẹn gan-an. Ogún ti wà nílẹ̀ ká tó yọ mẹ́rin nínú rẹ̀.

Bó bá wá jẹ́ pé ọjà ló pọ́n òǹkà yìí mú, ta ni ká fún ní ìyìn bí kò ṣe Ìjẹ̀bú? Ní nǹkan bí 1505 sí 1508, atukọ̀ ará Pọtogí kan, Duarte Pacheco Pereira, kọ̀wé nípa ìlú ńlá kan tó pè ní Geebuu, tí yàrà ńlá yí ká. Ó pe ọba ibẹ̀ ní Agusale; Awùjalẹ̀ wa ni. Ó kọ ọ́ pé ẹgbà ọwọ́ idẹ 12 sí 15 ni wọ́n ń fi ra ẹrú kan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bani nínú jẹ́ ni, àmọ́ ó fi hàn pé ìṣirò ti wọ ọjà wa lára nígbà náà. Ọ̀sà wà ní gúúsù, ìlú òkè wà ní àríwá, Ìjẹ̀bú wà láàárín. Ẹrù tó bá gun èbúté Èjìnrìn, ọwọ́ wa ló ń gbà kọjá. Ogójì owó ẹyọ ni wọ́n ń sín sí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá, ọ̀kẹ́ kan. Mo fojú inú wo ìyá kan tó jókòó ti òkìtì bẹ́ẹ̀, tí oníbàárà ń pariwo sí i létí, tí kò sì gbọdọ̀ ṣì í kà. Irú orí bẹ́ẹ̀ ni yóò wá ọ̀nà àbùjá.

Ọjọ́ ọjà pàápàá ní tirẹ̀. Ọrún, ìsán, ìtàlá, ìtàdógún: 5, 9, 13, 17. A máa ń ka ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, nítorí náà ẹ yọ ẹyọ kan kúrò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí 4, 8, 12, 16, ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin àtijọ́ kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin.

Òyìnbó ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n ní 1892, ṣílè gba ipò owó ẹyọ, náírà dé ní 1973, ilé ìwé sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Síbẹ̀, ẹ béèrè iye ọjà tó jẹ́ 1,500 náírà lọ́wọ́ ìyá àgbà kan ní Òkè-Ajé, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ ni yóò pè é, 1,600 tó dín 100.