Ilẹ̀ tí wọ́n ti yẹ̀ wò, kí ló dé tí kánsù tún ń yẹ̀ ẹ́ wò?

Ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n bá fẹ́ tún odindi àdúgbò kan kọ́, kò pọn dandan kí dẹfẹlọ́pà kọ̀ọ̀kan máa gbé ìwé àyẹ̀wò àyíká tiẹ̀ wá, kánsù ìlú lè yẹ gbogbo ibẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan náà. AUAR (Alternative Urban Areawide Review) ni wọ́n ń pe àyẹ̀wò yìí. Wọ́n á fojú bù ú pé ilé mélòó ló máa wà níbẹ̀, mọ́tò mélòó láá máa kọjá lójúmọ́, ibo lomi òjò máa ṣàn gbà, wọ́n á wá kọ ohun tí wọ́n máa ṣe sílẹ̀ kí ìpalára ẹ̀ má bàa pọ̀. Ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù tó bá wọ inú òǹkà yẹn kò nílò àyẹ̀wò tiẹ̀ mọ́.

Àmọ́ ọdún 5 péré nìwé yẹn ń lò. Tó bá pé ọdún 5 tí gbogbo ilé ibẹ̀ ò tíì gba àṣẹ ìkẹyìn, dandan ni kí kánsù tún un ṣe. Nígbà míì gan-an wọn ò ní lè dúró dìgbà yẹn, torí tí wọ́n bá fẹ́ kọ́lé ju iye tó wà nínú ìwé lọ, tàbí wọ́n rí i pé ohun tí wọ́n gbọ́kàn lé tẹ́lẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àfi kí wọ́n tún un ṣe náà ni.

Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀ o. Ká ní ilé 1,000 ló wà nínú ìwé àkọ́kọ́, tí wọ́n wá sọ ọ́ di 1,500. Ẹ wo oríta kan ṣoṣo: nígbà tí wọ́n kà á, mọ́tò 6 ló ń tò láti yà sápá òsì tí iná bá pupa, àyè tí wọ́n ṣe fún wọn sì gbà wọ́n. Tó bá di 20, ìrù ìlà yẹn á yọ sójú ọ̀nà àwọn tó ń lọ tààrà, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dé nìyẹn.

Ti Arden Hills, ìlú kan ní Minnesota níbẹ̀, tún wá lágbára. Láti 1941 ni wọ́n ti ń ṣe ọta ìbọn fáwọn ológun níbẹ̀, kẹ́míkà TCE tí wọ́n fi ń fọ gírísì kúrò lára irin sì wọnú omi abẹ́ ilẹ̀, nígbà tó di 1983 ìjọba àpapọ̀ kọ ibẹ̀ mọ́ àwọn ilẹ̀ Superfund, ìyẹn àwọn ilẹ̀ tí májèlé ti bà jẹ́ gan-an tó yẹ kí wọ́n fọ̀ mọ́. Káńtì Ramsey, tí ìlú náà wà lábẹ́ ẹ̀, ra éékà 427 níbẹ̀ ní 2013, AUAR tí ìlú ṣe lórí ẹ̀ jáde ní 2014, ọdún 5 sì kọjá kí ilé kankan tó dìde. Irú ilẹ̀ báyìí, ta ló máa fẹ́ kí wọ́n fìwé àtijọ́ kọ́lé síbẹ̀?

Tí wọ́n bá tún ìwé náà ṣe tán, wọ́n á fi ránṣẹ́ káàkiri. Àwọn iléeṣẹ́ ìpínlẹ̀, àti Metropolitan Council (àjọ tó ń ṣètò ìdàgbàsókè agbègbè Minneapolis àti Saint Paul) tó bá jẹ́ agbègbè yẹn, ní ọjọ́ 10 láti sọ pé àwọn ò fara mọ́ ọn. Ará àdúgbò ò lágbára yẹn, àmọ́ ẹnikẹ́ni lè kọ̀wé sí kánsù pé kí wọ́n yí nǹkan kan padà níbẹ̀, kí kánsù tó dìbò lórí ìwé náà.

Ẹni tó bá máa kọ̀wé, ètò ìdènà ìpalára tó wà nínú AUAR ni kó kọ́kọ́ ṣí, torí ibẹ̀ ni ìlérí wà. Tí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn máa fẹ oríta kan kí ilé 400 tó gba àṣẹ, kó lọ dúró ní oríta yẹn, kó wò ó bóyá wọ́n ti fẹ̀ ẹ́.