Bí wọ́n ṣe ń fi ìṣirò wá ọkọ̀ abẹ́ omi tó sọnù

GPS ò wọ omi o. Tí ọkọ̀ bá ti rì wọnú òkun, sátẹ́láìtì ò lè bá a sọ̀rọ̀ mọ́, ohùn ló kù, torí ohùn máa ń sáré nínú omi gan-an, bíi mítà 1,500 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan.

Nígbà tí USS Scorpion, ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ológun Amẹ́ríkà, sọnù sínú òkun Àtìláńtíìkì ní May 1968 pẹ̀lú èèyàn 99, ohùn náà ni wọ́n tẹ̀ lé. Àwọn máìkì abẹ́ omi ti ká ariwo bó ṣe ń rì sílẹ̀, ọ̀kan nínú wọn wà ní Canary Islands, ariwo kan náà ò sì ní dé ọ̀dọ̀ máìkì tó sún mọ́ àtèyí tó jìnnà lásìkò kan náà, ìyàtọ̀ àsìkò yẹn ni wọ́n fi ṣírò ibi tó ti wá. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ lè ṣì yà sọ́tùn-ún sósì kó tó balẹ̀, ìsàlẹ̀ ọ̀hún sì jìn tó bíi mítà 3,000.

Ibẹ̀ ni John Craven, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà, àtàwọn onímọ̀ ìṣirò ti wọlé. Wọ́n gé máàpù òkun bí sọ́féyọ̀ ṣe ń gé ilẹ̀ sí púlọ́ọ̀tì, wọ́n bi àwọn tó mọṣẹ́ léèrè bí ọ̀rọ̀ ṣe lè ṣẹlẹ̀, wọ́n wá fún púlọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan ní pasẹ́ńtì tiẹ̀, ìyẹn bó ṣe ṣeé ṣe tó pé ibẹ̀ ni ọkọ̀ wà.

Ibi tó dùn jù rèé. Ká ní púlọ́ọ̀tì A ní 40, B ní 20, àwọn yòókù pín ìyókù. Kámẹ́rà wọ A, kò rí nǹkan kan. Ṣé kí wọ́n fagi lé A ni? Rárá! Kámẹ́rà lè fo nǹkan, ká sọ pé tí ọkọ̀ bá wà níbẹ̀ lóòótọ́, ẹ̀ẹ̀meje nínú mẹ́wàá ló máa rí i. Tí wọ́n bá tún un ṣírò, A á já wá sí bíi 17, B á gòkè sí bíi 28, bẹ́ẹ̀ kò tíì sẹ́ni tó dé B rárá. Àìrí náà ìròyìn ni.

Ní ìparí October, kámẹ́rà tí ọkọ̀ Mizar ń wọ́ kiri nísàlẹ̀ òkun ya Scorpion, kò ju yáàdì 260 lọ sí ọ̀kan nínú àwọn púlọ́ọ̀tì tí pasẹ́ńtì wọn ga jù.

Ọ̀nà yìí náà ni wọ́n fi rí ọkọ̀ òfuurufú Air France 447, tó já sínú òkun Àtìláńtíìkì ní 2009, ní April 2011. Wọn ò gbọ́ igbe black box ẹ̀ (àpótí tó ń ká ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀ sílẹ̀, tí ẹ̀rọ ara ẹ̀ sì máa ń ké tó bá bọ́ sómi) nítòsí ibi tó ti ránṣẹ́ gbẹ̀yìn, wọ́n bá fi ibẹ̀ sílẹ̀ lọ wá ibòmíì fún nǹkan bí ọdún méjì, àfìgbà táwọn oníṣirò ní ká gbà pé ẹ̀rọ tó ń ké yẹn lè ti kú. Pasẹ́ńtì padà síbẹ̀, wọ́n sì rí i láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan.