Bọ́gà Àkàrà àti Bọ́gà Mọ́ínmọ́ín

Ẹni tó bá ń ti ilé oúnjẹ kan bọ́ sí òmíràn nítorí kó lè mọ èyí tí bọ́gà rẹ̀ dùn jù, kò ní pẹ́ rí i pé nǹkan kan náà ni gbogbo wọn ń rà lọ́jà: ẹran màlúù lílọ̀, búrẹ́dì, iyọ̀, àlùbọ́sà, wàràkàṣì. Síbẹ̀ ọ̀kan á mú kéèyàn lá ìka, èkejì á dà bí ẹni ń jẹ tìmùtìmù. Ta ló kọ́kọ́ ṣe bọ́gà, ṣé ìlú Hamburg ní Jámánì ni orúkọ rẹ̀ ti ṣẹ̀, ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ràn àríyànjiyàn. Ibi tó yẹ kí atọ́bọ́gàwò gbé ojú lé ni ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta tí ẹran fi wà lórí irin gbígbóná. Ibẹ̀ ni máàkì ti ń bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ.

Ẹ̀wà kan náà ni àkàrà àti mọ́ínmọ́ín. A bó o, a lọ̀ ọ́, a fi ata àti àlùbọ́sà sí i. Àmọ́ ẹ gbé èyí tó ti inú epo jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ti inú ewé jáde. Ọ̀kan pọ́n, èèpo rẹ̀ ń dún lẹ́nu, òórùn rẹ̀ ti jí ará ilé kejì. Èkejì rọ̀ múlọ́múlọ́, kò sì pọ́n ju bí ata inú rẹ̀ ṣe mọ lọ. Omi ló fa ìyàtọ̀ náà. Omi tó ń hó kì í gbóná ju 100 °C lọ, bó ti wù kéèyàn koná mọ́ ọn tó, ohun tí ooru omi bá sì ń sè kò lè kọjá ibẹ̀. Epo àkàrà ń lọ sí 170 tàbí 180. Pípọ́n tó ń mú òórùn wá yìí sì rèé, bí ooru ò bá tíì dé nǹkan bí 140 °C, díẹ̀díẹ̀ ló ń rìn. Tó bá dé ibẹ̀ ni purotéènì àti ṣúgà inú oúnjẹ á wá dìmọ́ra wọn, tí wọ́n á bí oríṣiríṣi adùn tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Louis-Camille Maillard, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló kọ nípa rẹ̀ ní 1912, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é títí dòní. Ọdún 1953 ni John E. Hodge, onímọ̀ kẹ́mísírì aláwọ̀ dúdú tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba Amẹ́ríkà ní ìlú Peoria, wá to ìpele rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ kó lè yé àwọn tó kù. Maillard gba orúkọ, Hodge gba iṣẹ́.

Àwọn obìnrin tó ń ta acarajé ní Bahia, ní Brazil, ò nílò ìkankan nínú àwọn méjèèjì. Lórí àtẹ kan náà tí acarajé wà ni abará wà: ẹ̀wà kan náà, ọ̀kan inú epo pupa, ọ̀kan inú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Oníbàárà á na ọwọ́ sí èyí tó wù ú. Kò sí ẹni tó máa jẹ abará tán kó wá bínú pé kò ní èèpo.

Ní ti bọ́gà, wàhálà ibẹ̀ ni pé àkàrà ló fẹ́ jẹ́, àmọ́ omi tó kún inú ẹran fẹ́ sọ ọ́ di mọ́ínmọ́ín. Ojú ẹran tó kan irin gbọ́dọ̀ gbẹ kó tó lè pọ́n, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo ẹran tó wà lókè ń rọ omi lé e lórí. Tí irin bá gbóná dáadáa, omi á fò lọ kíá. Tí alásè bá wá da ẹran méjìlá lé e lẹ́ẹ̀kan náà torí pé èrò pọ̀ níta, irin á tutù, omi á rógún sábẹ́ ẹran, ẹran á sì máa hó nínú omi ara rẹ̀. Etí lásán mọ ìyàtọ̀: irin tó gbóná á ké ṣàà láìdánu dúró, èyí tó ti tutù á máa hó kùtùkùtù bí ọbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí bọ́gà ilé oúnjẹ kan náà fi lè gba mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá láago mọ́kànlá àárọ̀, kó gba márùn-ún láago kan ọ̀sán. Ẹni tó bá lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wákàtí yẹn ló fún ní máàkì.

Ọgbọ́n kan wà tí wọ́n fi ń borí omi, òun ló sì gbòde ní Amẹ́ríkà báyìí. Wọn ò ní tẹ ẹran pẹlẹbẹ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n á ká a bí òkèlè, nǹkan bí gíráàmù 60, wọ́n á mú un tútù-tútù láti inú fíríìjì sórí irin tó ti gbóná kọjá 200 °C, wọ́n á sì fi irin wúwo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí etí rẹ̀ á fi ya jákujàku bí etí léèsì. Agbára kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ìfarakanra ni. Òkèlè tí wọ́n kàn gbé sílẹ̀, ìdí rẹ̀ nìkan ló kan irin, ibi tó kù sì wà lọ́wọ́ ooru omi. Èyí tí wọ́n tẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ló ń sun.

Ẹ dúró wò ó. Láàárín ìṣẹ́jú kan, àwọ̀ eérú á máa gun etí ẹran bọ̀ wá sáàárín, omi pupa tíntìntín á máa yọ lójú rẹ̀. Kò tíì yẹ kí wọ́n yí i. Tí àwọ̀ eérú bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ojú ẹran, abẹ́ rẹ̀ ti pọ́n, ó sì ti lẹ̀ mọ́ irin gbagidi. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́. Alásè tó bá fi ṣíbí pẹlẹbẹ tó kújú gbé e á fi èèpo sílẹ̀ lórí irin, ẹran ràndánràndán ló máa gbéra. Ohun tó tọ́ síbẹ̀ ni abẹ pẹlẹbẹ tó mú, irú èyí tí àwọn akùnlé fi ń ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára ògiri. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin, wọ́n á ha á lọ lẹ́ẹ̀kan, èèpo á bá ẹran dìde. Atọ́bọ́gàwò tó mọṣẹ́ á ṣí búrẹ́dì kó tó gé e jẹ, á sì wo ojú ẹran. Tó bá rí àbàwọ́n pípọ́n níbí, eérú lọ́hùn-ún, ó ti mọ irú abẹ tó wà ní kíṣìnì.

Àwọn kan á ti máa pariwo báyìí pé títẹ bọ́gà ń fún omi inú rẹ̀ jáde. Òótọ́ tí wọ́n sọ lákòókò tí kò yẹ ni. Ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́, ọ̀rá inú ẹran ṣì dì bí òrí inú igbá; ẹ tẹ̀ ẹ́ bó ti wù yín, kò síbi tó ń lọ. Tó bá ti yọ́ tán ni ìtẹ̀mọ́lẹ̀ wá di ìparun. Alásè tó ń padà wá tẹ ẹran ní gbogbo ìgbà nítorí kó lè gbọ́ kó ké ṣàà, adùn oníbàárà ló ń dà síná.

Àmọ́ ìyẹn kéré sí irọ́ ńlá tó wà níwájú, èyí tí kò yé múnú ẹni tó mọ̀ bínú: pé èèpo tó pọ́n ló ń dí omi mọ́ inú ẹran. Orúkọ Justus von Liebig, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Jámánì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ìdáná káàkiri ayé, ó sì tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn tó dán an wò ti rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Kò tiẹ̀ gba ìdánwò. Kí ló ń ké ṣàà lórí irin? Omi tó ń jáde ni. Kí ló ń ru yíká àkàrà nínú epo? Omi tó ń jáde ni, kódà nígbà tí èèpo àkàrà ti pọ́n. Ẹ gbé bọ́gà tó pọ́n jù lọ lágbàáyé sórí àwo funfun, ẹ kà dé ọgọ́rùn-ún, ẹ wá gbé e kúrò. Omi wo ló wà lábẹ́ rẹ̀ yẹn? Ilé tí wọ́n ní àwọn ti dí gbogbo ojú rẹ̀ pa, báwo ni àgbàrá ṣe ń ti inú rẹ̀ ṣàn? Èèpo kì í ṣe ìdérí ìkòkò. Torí adùn rẹ̀ la ṣe ń wá a. Ohun tó ń mú kí bọ́gà rọ̀ lọ́fun ni ọ̀rá, ìyẹn bí ìdá kan nínú márùn-ún ẹran náà, pẹ̀lú kí wọ́n tètè gbé e kúrò lórí iná.

Iyọ̀ ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Tí wọ́n bá pò ó mọ́ ẹran tẹ́lẹ̀, ẹran á so mọ́ra bí iyán tí wọ́n gún jù, á máa fà bí sọ́séèjì. Ojú ẹran ni wọ́n ń bù ú sí, nígbà tí iná bá ti ń jó o.

Ẹran fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì tí wọ́n tò léra wọn, tí wàràkàṣì so wọ́n pọ̀, ni ọgbọ́n tó pegedé jù nínú gbogbo ètò yìí. Ẹran kan tó nípọn ní ojú méjì tó pọ́n. Méjì tó fẹ́lẹ́ ní ojú mẹ́rin, ìwọ̀n ẹran ò sì yàtọ̀. Bọ́gà gìrìwò tó ga bí òkè Olúmọ, tí wọ́n fi igi gún láti orí dé ìsàlẹ̀ kó má baà wó, àwòrán rẹ̀ ló dáa. Kí àárín rẹ̀ tó jinná, etí rẹ̀ ti gbẹ. Tí wọ́n bá sì fi àárín rẹ̀ sílẹ̀ ní pupa, ewu ń bẹ: kòkòrò tó máa ń wà lójú ẹran lásán, ẹ̀rọ ti lọ̀ ọ́ mọ́ gbogbo inú. Ìdí nìyí tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ní kí ẹran lílọ̀ gbóná dé 71 °C nínú lọ́hùn-ún. Láàárín ìparí 1992 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1993, àìsàn tó ti ara bọ́gà tí kò jinná wá pa ọmọdé mẹ́rin ní ìhà ìwọ̀ oòrùn orílẹ̀-èdè náà. Ẹran fẹ́lẹ́ ti jinná kí èèpo rẹ̀ tó pọ́n tán, àríyànjiyàn parí.

Aago tún ń ka. Gbogbo ẹni tó ti ra àkàrà gbígbóná rí ló mọ̀ pé tí ìyá alákàrà bá dì í sínú náílọ́ọ̀nù tó sì so ó pa, kéèyàn tó délé, náílọ́ọ̀nù ti làágùn, àkàrà ti rọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni bọ́gà tó wà nínú páálí, tí alùpùpù ń gbé e gba inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìkẹjà. Àkàrà ló kúrò ní kíṣìnì, mọ́ínmọ́ín ló kanlẹ̀kùn. Àwọn tó ń fi èyí tí wọ́n gbé wá sílé ṣèdájọ́ ilé oúnjẹ, páálí ni wọ́n ń fún ní máàkì. Ẹni tó sì ń ya fọ́tò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó gé e jẹ kò sàn jù wọ́n lọ.

Bọ́gà kan wà ṣá o tó jẹ́ pé mọ́ínmọ́ín ni wọ́n dìídì ṣe é. Ilé oúnjẹ White Castle, tó bẹ̀rẹ̀ ní Wichita, ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà, ní 1921, ń to ẹran pélébé onígun mẹ́rin lórí àlùbọ́sà. Ihò márùn-ún ló wà lára ẹran kọ̀ọ̀kan kí ooru omi lè gbabẹ̀ kọjá lọ sínú búrẹ́dì tó wà lókè, wọn kì í sì í yí i rárá. Ní Meriden, ìpínlẹ̀ Connecticut, ilé oúnjẹ Ted's ti ń fi ooru omi nìkan se bọ́gà àti wàràkàṣì rẹ̀ láti 1959. Ó rí bí eérú, ó rọ̀, kò ní èèpo kankan. New Haven tí ilé oúnjẹ Louis' Lunch wà kò jìnnà síbẹ̀. Iná gidi ni àwọn fi ń yan ẹran tiwọn, lóòró, nínú ààrò irin tó ti wà láti 1898, búrẹ́dì yíyan ni wọ́n sì fi ń há a, láìsí kẹ́ṣọ́ọ̀pù. Atọ́bọ́gàwò tó bá ti New Haven dé Meriden tó wá ní bọ́gà tibẹ̀ ò pọ́n, abará ló ń bá jà pé kì í ṣe acarajé.

Ní El Reno, ìpínlẹ̀ Oklahoma, wọ́n mú méjèèjì pọ̀. Wọ́n á da àlùbọ́sà tí wọ́n rẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ẹran, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ tó ẹran fúnra rẹ̀, wọ́n á tẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ irin, wọ́n á yí i kí àlùbọ́sà wà nísàlẹ̀, wọ́n á wá gbé búrẹ́dì lé e. Àlùbọ́sà ń pọ́n nísàlẹ̀, ooru rẹ̀ ń sọ búrẹ́dì di rírọ̀ lókè. Àìlówó ló bí i, nígbà tí ẹran wọ́n tí àlùbọ́sà sì pọ̀.

Ní Minneapolis, ìpínlẹ̀ Minnesota, ẹran pẹlẹbẹ méjì ni ilé oúnjẹ Matt's Bar fi ń dé wàràkàṣì mọ́ àárín, tí wọ́n á lẹ etí wọn pọ̀ kí wọ́n tó dín in. Jucy Lucy ni wọ́n ń pè é, láti 1954. Bí i ti mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje, inú rẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Níbẹ̀ nìkan ni aago bọ́gà ti ń yí sẹ́yìn. Níbi gbogbo, ẹni tó bá fi falẹ̀ ló pàdánù. Níbí, ẹni tó bá kánjú gé e jẹ ni wàràkàṣì tó ń hó máa bó lẹ́nu.