Kí ni ìpàrọ̀ ipò nínú bádímíńtọ̀n eléèyàn méjì? Ẹ wo Mathias Boe

Ẹni tó bá ń wo bádímíńtọ̀n eléèyàn méjì-méjì fún ìgbà àkọ́kọ́ máa ń rò pé ńṣe ni wọ́n pín pápá sí méjì: ìwọ mú ọ̀tún, kí n mú òsì, kí kálukú gbá èyí tó bá bọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ gbá a báyẹn, kí ẹ wá rí bí àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá yóò ṣe fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ibi tí àwọn méjèèjì dúró sí lè yí padà lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin kí pọ́ìntì kan ṣoṣo tó parí. Ìyẹn ni ìpàrọ̀ ipò.

Ohun tó ń darí rẹ̀ kò ju ìbéèrè kan lọ: ta ló ń gbá shuttle, ohun oníyẹ̀ẹ́ tí wọ́n ń gbá, wálẹ̀, ta ló ń gbé e sókè? Ẹgbẹ́ tó bá ń gbá a wálẹ̀ ló ń kọluni. Ẹnì kan á wà lẹ́yìn, níbi tó ti lè là á mọ́lẹ̀, ẹnì kejì á súnmọ́ àwọ̀n. Ẹgbẹ́ tó gbé e sókè mọ̀ pé wàhálà ń bọ̀, wọ́n á yára pín sí ọ̀tún àti òsì, torí pé pápá fẹ̀ ní mítà 6.10, ẹnì kan kò lè dá bo gbogbo ìbú yẹn. Kò sì sí òfin pé kí wọ́n máa gbá a ní ìkọ̀ọ̀kan bí ti tẹníìsì orí tábìlì. Lẹ́yìn ìgbá àkọ́kọ́ àti èsì rẹ̀, ẹni tó bá wù ló lè gbá a. Bí shuttle bá ti ń padà wá, ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ lè dá a padà lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀léra kí ẹnì kejì rẹ̀ má gbá a rárá.

Ọ̀dọ̀ ẹni tó wà níwájú ni mo fẹ́ ká dúró sí, torí òun ni ojú kì í tó. Ariwo ẹni tó wà lẹ́yìn ni gbogbo ayé ń gbọ́. Àmọ́ ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń pa òkété: ẹnì kan á máa fẹ́ èéfín sínú ihò, ẹnì kejì á dúró ti ojú ihò kejì pẹ̀lú kùmọ̀. Mathias Boe, ọmọ Dẹ́nmáàkì tí wọ́n bí lọ́dún 1980, ló di kùmọ̀ mú. Carsten Mogensen, ẹnì kejì rẹ̀ nínú eré, ló ń fẹ́ èéfín.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé pọ́ìntì kan bó ṣe máa ń lọ. Boe fi ẹ̀yìn-ọwọ́ ta shuttle láti bẹ̀rẹ̀ pọ́ìntì, ó kàn rọra ré kọjá lórí àwọ̀n. Iṣẹ́ kékeré kọ́ nìyẹn o: láti 2018, òfin sọ pé shuttle kò gbọdọ̀ ga ju mítà 1.15 lọ nígbà tí wọ́n bá ń ta á, bẹ́ẹ̀ àwọ̀n ga ní mítà 1.524 láàárín. Ó gbọ́dọ̀ gòkè kó tó kọjá, bó bá sì ga jù díẹ̀, alátakò á là á mọ́ ọn láyà. Bó bá fò rẹlẹ̀ dáadáa, alátakò ò lè gbá a wálẹ̀, á gbé e sókè lọ sẹ́yìn. Mogensen á là á. Èsì tó bá padà wá láìlágbára, Boe ti gbé ràkẹ́ẹ̀tì sókè dè é. Ṣùgbọ́n bí alátakò bá gbọ́n, tó gbé e gba orí Boe lọ sí igun tí Mogensen kò lè tètè dé, Boe fúnra rẹ̀ ló máa sá lọ sẹ́yìn, Mogensen á sì já wá síwájú láìdúró de ẹnikẹ́ni pé kó pè é.

Ọlọ́wọ́ òsì ni Boe, èyí sì tún ọ̀rọ̀ náà dì. Bí ọlọ́wọ́ ọ̀tún méjì bá dúró ní ìhà méjì, ẹni tó wà lápá òsì ló ni shuttle tó bá gba àárín, torí ọwọ́ rẹ̀ tó dáńtọ́ ló kọjú síbẹ̀. Pẹ̀lú ọlọ́wọ́ òsì kan, ìṣirò yìí ń dà rú ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pàrọ̀ ìhà. Bó bá wà lápá ọ̀tún, ọwọ́ méjèèjì tó dáńtọ́ pàdé láàárín. Bó bá wà lápá òsì, ẹ̀yìn-ọwọ́ méjì ló kù síbẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ èyí tó wà lójú ẹsẹ̀, á dúró máa wo ẹnì kejì rẹ̀.

Boe àti Mogensen gba All England, ìdíje bádímíńtọ̀n ńlá kan, ní 2011 àti 2015. Ní Olympics London 2012, wọ́n na Jung Jae-sung àti Lee Yong-dae ti Kòríà Gúúsù ní ìdíje tó ṣáájú àṣekágbá, 22-20 ní sẹ́ẹ̀tì kẹta, kí Cai Yun àti Fu Haifeng ti Ṣáínà tó gba wúrà mọ́ wọn lọ́wọ́. Lóṣù kìíní 2016, ẹ̀jẹ̀ ya sínú ọpọlọ Mogensen. Nínú ìdíje eléèyàn méjì, àwọn méjèèjì pa pọ̀ ló ni ipò tí wọ́n wà nínú àkójọ àgbáyé, ẹnì kan kò lè gbé ìdajì tirẹ̀ lọ fún ẹlòmíràn. Mogensen padà wá, wọ́n sì gba ife Yúróòpù ní Kolding lọ́dún 2017.

Boe fi ràkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ní 2020, ó sì di olùkọ́ ní Íńdíà fún Satwiksairaj Rankireddy àti Chirag Shetty. Satwik lẹ́yìn, Chirag níwájú. Ní Thomas Cup 2022, ìdíje àgbáyé fún ẹgbẹ́ ọkùnrin orílẹ̀-èdè, ní Bangkok, àwọn méjèèjì na Kim Astrup àti Mathias Christiansen ti Dẹ́nmáàkì, Íńdíà sì fi 3-2 lé ìlú Boe kúrò nínú ìdíje kó tó lọ gba ife náà.