Ẹ Lọ Jókòó sí Kíláàsì Lásìkò Ìpápánu

"Màdáámú, èwo ló dáa jù, ABA ni àbí TEACCH?" Bí ẹni ń ra jẹnẹrétọ̀ ní Alábà ni àwọn òbí àti àwọn tó fẹ́ dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ṣe ń bi mí. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ tó ní ọtísíìmù ni méjèèjì, ìyẹn ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ ń dàgbà lọ́nà tó mú kí ọ̀rọ̀ sísọ àti bíbá èèyàn da nǹkan pọ̀ ṣòro fún un.

ABA tí wọ́n ń pariwo yìí, tí wọ́n ti ń gé ẹ̀kọ́ sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n sì ń fún ọmọ lẹ́bùn bó bá ti ṣe é dáadáa, ìwádìí onímọ̀ ìhùwàsí kan, Ivar Lovaas, tó jáde ní 1987 ló gbé e níyì: wákàtí 40 lọ́sẹ̀, àgbàlagbà kan sí ọmọ kan. Ilé-ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ kan ti ń bójú tó ọmọ mẹ́wàá á wá kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó ìta. Pẹ̀lú olùkọ́ wo? TEACCH ti Eric Schopler, tí ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà tẹ́wọ́ gbà ní 1972, tó ń to yàrá àti iṣẹ́ kí ọmọ lè fojú rí ohun tó kàn, bá àpò wa mu jù: páálí, téèpù, àwòrán ohun tó kàn lára ògiri, iṣẹ́ tó kù lápá òsì, èyí tó ti parí lápá ọ̀tún.

Ṣùgbọ́n ọmọ tí ò lè béèrè omi, ta ló fẹ́ jókòó ti páálí? Á pariwo, á bu èèyàn jẹ, wọ́n á ní ọmọ burúkú ni. Ibí yìí ni mo ti máa ń bá wọn jà. PECS, ọ̀nà tí ọmọ fi ń fi káàdì àwòrán béèrè ohun tó fẹ́, tí Andy Bondy àti Lori Frost gbé kalẹ̀ ní Delaware ní Amẹ́ríkà ní 1985, àgbàlagbà méjì ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọ̀kan jókòó síwájú ọmọ, ó mú àkàrà dání. Káàdì àwòrán àkàrà wà lórí tábìlì. Bí ọmọ bá ti nawọ́ sí àkàrà, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á rọra di ọwọ́ náà mú, á bá a mú káàdì, á bá a fi lé ẹni iwájú lọ́wọ́. Lójú ẹsẹ̀, ẹni iwájú á ní "Àkàrà!", á sì fún un. Ẹni ẹ̀yìn ò gbọdọ̀ lanu rárá. Ẹni iwájú ò sì gbọdọ̀ béèrè pé "Kí lo fẹ́?" Èyí gan-an làwọn olùkọ́ wa ò lè mú mọ́ra! Bẹ́ ẹ bá ti ń bi í, ìbéèrè yín ni yóò máa dúró dè, kò ní fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láé. Ilé-ẹ̀kọ́ kan tilẹ̀ ń ti káàdì mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù kí wọ́n má bàa ya. Ẹ gbà mí o! Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ ń bẹ̀rù pé káàdì á dí ọmọ lọ́wọ́ ọ̀rọ̀, ìwádìí ò gbè yín.

Nítorí náà, ẹ fi pátákó sílẹ̀, ẹ lọ jókòó sí kíláàsì lásìkò ìpápánu. Ọmọ tó bá fẹ́ nǹkan, báwo ló ṣe ń sọ ọ́?

Ẹ sì ka ìwé owó-iléèwé wọn dáadáa. Ìyá kan mú tiẹ̀ wá, "fífọ inú" ló wà lábẹ́ owó yunifọ́ọ̀mù. Ìgò méjì ni wọ́n tà fún un: sodium chlorite àti ásíìdì tó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Àpòpọ̀ wọn ni chlorine dioxide, tí ilé-iṣẹ́ fi ń sọ pépà di funfun. Kó máa kán an sómi fún ọmọ, kó sì máa fi rọ́bà fà á sí i nídìí! Nígbà tí nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ń bá ìgbẹ́ jáde, ọ̀gá iléèwé ní aràn tó ń fa ọtísíìmù ni, kó máa dúpẹ́. Aràn wo? Awọ inú ìfun ọmọ ló ń bó. Láti 2010 ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ti ń kìlọ̀ rẹ̀. Ní 2023, ilé-ẹjọ́ ní Miami rán bàbá kan àtàwọn ọmọkùnrin rẹ̀ mẹ́ta lẹ́wọ̀n nítorí omi yìí kan náà; ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n pe ara wọn, wọ́n ní sákírámẹ́ntì làwọn ń tà.

Ọ̀yọ́ ni mo ti kọ́ṣẹ́ yìí, kò sì síbi tí wọ́n ti kọ́ wa pé olùkọ́ ń po oògùn. Ẹni tó bá ti ń fún ọmọ rẹ̀ mu, kó dáwọ́ dúró lónìí. Bí ọmọ bá ń bì, tó ń yàgbẹ́ gbuuru tàbí tó rẹ̀ wálẹ̀, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, kẹ́ ẹ sì mú ìgò méjèèjì dání kí dókítà rí ohun tó wọ inú rẹ̀.