Bí ilé-iṣẹ́ akọ́lé kékeré ṣe ń sọ ilẹ̀ ẹbí di fúláàtì mẹ́fà ní Èbúté Mẹ́ta

Ní Èbúté Mẹ́ta, Yábàá àti Súrùlérè, ilé-iṣẹ́ akọ́lé kékeré kì í sábà ra ilẹ̀. Ilẹ̀ àárín ìgboro ti wọ́n kọjá ohun tí ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ju mẹ́fà tàbí méje lọ lè san tán, kí ó tún ṣẹ́ owó símẹ́ńtì kù. Ohun tí ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ náà yóò wá ẹbí tí ó ní ilé àtijọ́ tí òrùlé rẹ̀ ti ń jò, tí owó ilé tí ń ti ibẹ̀ wọlé kò tó pín mọ́, wọn yóò sì jọ ṣe àdéhùn. Ẹbí mú ilẹ̀ wá, ilé-iṣẹ́ mú owó, àwòrán ilé àti òṣìṣẹ́ wá, nígbà tí ilé bá sì parí, wọn yóò pín fúláàtì inú rẹ̀ bí wọ́n ṣe jọ sọ ọ́. Nínú gbogbo ohun tí ilé-iṣẹ́ náà ń kó wá sídìí àdéhùn yìí, àwòrán ni owó rẹ̀ kéré jù, òun náà sì ni ó ń pinnu bóyá èrè yóò wà níbẹ̀ tàbí kò ní sí.

Ṣùgbọ́n ìwé ni ó ń ṣáájú àwòrán. Láti ìgbà tí Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti jáde ní ọdún 1978, ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà lórúkọ gbogbo ará ìlú, nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ gbé ẹ̀tọ́ tí ó ní lórí ilẹ̀ fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ gba ìfọwọ́sí gómìnà. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá mọ ohun tí ó ń ṣe yóò kọ́kọ́ gbé ìwé sọ́fè ilẹ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì Awọnlẹ̀ Àgbà ní Aláúsá, níbi tí wọn yóò ti gbé e lé orí àwòrán ilẹ̀ ìpínlẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó bọ́ sínú ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà, tàbí bóyá ó wọ inú ilẹ̀ aládùúgbò. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò yẹ ìwé wò ní ibi ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀, bóyá ẹnìkan ti fi ilẹ̀ náà dúró fún gbèsè báńkì tí kò tíì san.

Ìwé lè mọ́ tónítóní kí ọ̀rọ̀ ẹbí ṣì wà nílẹ̀. Nínú òfin ìbílẹ̀ tí àwọn ilé ẹjọ́ ń tẹ̀lé, bí olórí ẹbí bá dá ta ilẹ̀ láìsí àwọn àgbà ẹbí yòókù nídìí rẹ̀, àwọn àgbà náà lè ní kí ilé ẹjọ́ fagi lé e. Bí àwọn àgbà bá sì tà á láìsí olórí ẹbí, títà náà kò fìgbà kan fẹsẹ̀ múlẹ̀ rárá. Ta wá ni àgbà ẹbí? Bí bàbá tí ó kọ́ ilé náà bá ní ìyàwó mẹ́ta tí wọ́n bímọ fún un, ìdí igi mẹ́ta ni ó wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní aṣojú nínú àdéhùn, ìbáà jẹ́ ọmọ kan ni ìyá náà bí tàbí ọmọ méje. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, tí ó ti Èkó dé iwájú àwọn adájọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1962, ti fi ìdí igi múlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tí Yorùbá ń gbà pín ogún, tí orí-ò-jorí, ìyẹn kí wọ́n pín in dọ́gba fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, sì jẹ́ ohun tí olórí ẹbí lè yàn bí ìjà bá dé. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá kó ìfọwọ́sí ọmọ mẹ́wàá jọ nínú ìdí igi méjì, tí kò rí ẹnikẹ́ni láti inú ẹ̀kẹta, kò tíì ní àdéhùn. Ọmọ tí ó wà lókè òkun yóò fi ìwé yan ẹni tí yóò fọwọ́ sí i dípò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó bá sọ lórí fóònù pé òun gbà kò tó.

Inú àdéhùn náà ni wọn yóò kọ ọ́ sí pé fúláàtì wo gan-an ni ti ẹbí. Kí wọ́n kàn kọ pé ẹbí yóò mú ìdá kan nínú mẹ́ta kò dára, nítorí fúláàtì iwájú lókè àti fúláàtì ẹ̀yìn ní ìsàlẹ̀ kò dọ́gba lówó. Kí wọ́n fi àmì sí i lórí àwòrán ni ó bójú mu. Wọn yóò kọ ẹni tí yóò san owó ilé fún àwọn tí ń gbé ibẹ̀ títí ilé tuntun yóò fi parí, àti iye oṣù tí yóò gbà. Bí ibojì bàbá bá wà nínú ọgbà, èyí tí kì í ṣe ohun àjèjì ní ilé àtijọ́, àsìkò yìí ni kí wọ́n fẹnu kò lórí bóyá wọn yóò ṣí i nípò tàbí kí wọ́n kọ́ ilé yí i ká, kì í ṣe ọjọ́ tí katakata bá dé.

Kí á wá mú ilẹ̀ kan tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 50, tí ó sì gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 100, ìyẹn mítà 15.24 ní ìbú àti 30.48 ní gígùn. Bí wọ́n bá fi mítà mẹ́ta sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan àti ní ẹ̀yìn, tí wọ́n fi mítà mẹ́fà sílẹ̀ níwájú, ibi tí ilé lè jókòó sí kò ju mítà 9.24 ní ìbú àti 21.48 ní gígùn lọ. Ayàwòrán tí ń kánjú yóò la ọ̀dẹ̀dẹ̀ sí àárín láti iwájú dé ẹ̀yìn, yóò sì to yàrá sí ọ̀tún àti òsì. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó fẹ̀ ní mítà kan àbọ̀ yóò jẹ mítà onígun-mẹ́rin 32 lórí àjà kọ̀ọ̀kan, tí kò sí ẹni tí yóò san owó rẹ̀, àtẹ̀gùn kò sì tíì sí nínú ìṣirò náà. Èyí tí ó tún burú ni pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni fèrèsé yóò wà fún ọ̀pọ̀ yàrá. Afẹ́fẹ́ tí ó bá wọlé kò rí ibi gbà jáde.

Bí ó bá jẹ́ pé àtẹ̀gùn ni wọ́n gbé sí àárín, tí òun àti ọ̀nà páìpù àti àpótí mítà iná jọ wà nínú ìwọ̀n mítà mẹ́ta àbọ̀, fúláàtì kan yóò wà níwájú, èkejì yóò wà lẹ́yìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò sì fẹ̀ tó mítà onígun-mẹ́rin 83. Ojú mẹ́ta ni fúláàtì kọ̀ọ̀kan fi kọjú síta. Afẹ́fẹ́ tí ń ti orí òkun fẹ́ wá láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn yóò gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé, yóò sì gba òmíràn jáde, ìyẹn sì ṣe pàtàkì ní ìlú tí iná lè lọ ní ọ̀gànjọ́ òru. Àjà mẹ́ta báyìí lórí ibi ìgbọ́kọ̀sí jẹ́ fúláàtì mẹ́fà.

Láti ibi ìgbọ́kọ̀sí gan-an ni àwòrán ti yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé pálọ̀ ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń béèrè. Ọkọ̀ kan nílò àyè bíi mítà méjì àbọ̀ ní ìbú. Mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn gba mítà méje àbọ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó sì kù fún píláà nínú mítà 9.24. Ibi tí píláà bá dúró sí láàárín ọkọ̀ nísàlẹ̀ ni yóò gbà gòkè. Bí ayàwòrán bá ti ya yàrá tán kí ó tó rántí ọkọ̀, píláà yóò yọrí sí àárín yàrá ẹni ẹlẹ́ni, tàbí kí ẹnjiníà gbé e sí orí bíìmù ńlá tí yóò jẹ irin. Owó irin yìí kì í hàn nínú àwòrán tí wọ́n fi ń polówó ilé.

Àwọn ìpinnu kékeré mìíràn wà tí olùrà kì í béèrè, ṣùgbọ́n tí yóò máa bá a gbélé. Fèrèsé aláwò tí à ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdajì rẹ̀ péré ni ó lè ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí à ń tì síta ń ṣí pátápátá. Balùwẹ̀ tí ó wà lórí balùwẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ ń jẹ́ kí páìpù ó sọ̀kalẹ̀ ní tààrà, tí púlọ́ńbà kò fi ní fọ́ pálọ̀ ẹlòmíràn lọ́jọ́ tí nǹkan bá dí. Ògiri tí ó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn ni ooru ọ̀sán máa ń jókòó sí, ibẹ̀ sì ni ó yẹ kí àtẹ̀gùn àti balùwẹ̀ lọ, kì í ṣe yàrá tí ènìyàn ń sùn. Ní ti òrùlé, àṣà tí ó gbòde ni kí wọ́n fi ògiri bo páànù kí ilé lè dà bí àpótí, kí wọ́n sì fi gọ́tà kọ́nkéré sínú rẹ̀. Ewé méjì ti tó láti dí ihò gọ́tà náà nínú oṣù kẹfà, omi yóò sì wá ọ̀nà gba àjà fúláàtì òkè wọlé. Òrùlé tí ó yọ etí síta kò lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ nínú fọ́tò, ṣùgbọ́n kì í dá irú ìjà yẹn sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ó ń pe ara rẹ̀ ní oníṣẹ́ ọnà ìkọ́lé, ojú ilé nìkan ni iṣẹ́ ọnà rẹ̀ mọ. Wọn yóò ya ọ̀nà orí fèrèsé bíi ti ilé àwọn Àgùdà tí wọ́n padà láti Bràsílì àti Kúbà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọn yóò kùn ún ní àwọ̀ osùn, yàrá inú rẹ̀ yóò sì móoru bí ààrò. Ohun tí ó mú ilé Àgùdà tutù ni ògiri tí ó nípọn, àjà tí ó ga, àti fèrèsé onípákó tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá kódà bí ó bá wà ní títì. Ẹni tí ó bá fẹ́ jogún nǹkan lára wọn, ohun tí ó yẹ kí ó mú nìyẹn. Àwọn tí ó kù láti wò kò tilẹ̀ pọ̀ mọ́: Ilọ́jọ̀ Bar ní Tinúbú, tí ìjọba ti kà sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láti ọdún 1956, ni wọ́n wó lulẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016.

Nígbà tí àwòrán bá parí, ayàwòrán, ẹnjiníà àti àwọn onímọ̀ mìíràn tí òfin dárúkọ yóò lu òǹtẹ̀ wọn, ó di ọ̀dọ̀ LASPPPA, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tí ń fọwọ́ sí àwòrán ilé, fún ìwé àṣẹ ìkọ́lé. LASBCA, àjọ ìpínlẹ̀ tí ń mójú tó ilé kíkọ́, ni yóò máa bẹ ibi iṣẹ́ wò láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Òfin tún fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ akọ́lé forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ LASRERA, àjọ ìpínlẹ̀ tí ń mójú tó òwò ilé àti ilẹ̀.

Owó ni ó ń kan lẹ́yìn náà, ibẹ̀ ni àwọn kékeré ti sábà máa ń rì. Yíyá owó báńkì kò rọrùn: ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, CBN, ìyẹn Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, gbé ìpìlẹ̀ èlé dé 27.5%, èyí tí báńkì yóò sì béèrè lọ́wọ́ oníṣòwò ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, owó àwọn olùrà ni wọ́n fi ń kọ́lé. Olùrà yóò san apá kan níbẹ̀rẹ̀, òmíràn nígbà tí ìpìlẹ̀ bá jáde nílẹ̀, òmíràn lẹ́yìn dẹ́kìn (kọ́nkéré àjà) kọ̀ọ̀kan, ìyókù lọ́jọ́ tí ó bá gba kọ́kọ́rọ́. Ewu rẹ̀ ni pé owó yìí máa ń wọlé kí iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ san án tó bẹ̀rẹ̀, ó sì lè wu ilé-iṣẹ́ náà kí ó ná an sórí ilẹ̀ mìíràn. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá mú owó olùrà Èbúté Mẹ́ta lọ bẹ̀rẹ̀ ìpìlẹ̀ ní Yábàá ti di ẹni tí ó gbọ́dọ̀ rí olùrà ní Yábàá kí ó tó lè kan òrùlé Èbúté Mẹ́ta. Àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún ilé kọ̀ọ̀kan ni ó ń dènà rẹ̀, kò sì sí ọgbọ́n mìíràn.

Iye owó ọjà tún ń yí padà lójú iṣẹ́. Lẹ́yìn tí CBN jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, táìsì, ẹ̀rọ omi àti gbogbo ohun tí ń ti òkè òkun wọlé gbówó lórí, ẹni tí ó ti ta fúláàtì ní iye kan pàtó kò lè padà lọ béèrè àfikún bí kò bá sí i nínú àdéhùn. Èyí ni ó fi jẹ́ pé irin ni wọ́n ń fi owó àkọ́kọ́ rà, torí ó lè dúró bí wọ́n bá gbé e kúrò nílẹ̀ tí wọ́n sì bò ó. Símẹ́ńtì kò ṣeé kó pamọ́ pẹ́. Ọ̀rinrin Èkó yóò sọ ọ́ di òkúta nínú àpò.

Lórí ilẹ̀ gan-an, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n lu ihò láti yẹ ilẹ̀ wò, nítorí ojú pópó kan náà lè ní yanrìn líle níhìn-ín àti àbàtà lọ́hùn-ún, èsì náà ni ẹnjiníà yóò fi mọ irú ìpìlẹ̀ tí ilé lè gbé. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá da dẹ́kìn, wọn yóò bu nínú kọ́nkéré náà sínú mọ́ọ̀dì onígun mẹ́rin, wọn yóò sì gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò láti fọ́ ọ ní ọjọ́ keje àti ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Káfíńtà a máa fẹ́ tètè yọ igi tí ó gbé dẹ́kìn ró, nítorí òun ni yóò lò lókè. Ẹnjiníà ni ó yẹ kí ó sọ ọjọ́ tí yóò yọ ọ́. Àwòrán tí ìjọba fọwọ́ sí ni kí wọ́n kọ́, láìfi àjà kún un. Ilé alájà 21 tí ó wó ní òpópó Gerrard ní Ìkòyí ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021, tí ó pa ènìyàn tí ó ju 40 lọ, ti sọ ọ̀rọ̀ yìí kúrò ní ọ̀rọ̀ ìwé lásán.

Bí ẹbí bá mú fúláàtì méjì, mẹ́rin ni ó kù fún ilé-iṣẹ́ náà. Bí ìṣirò bá tọ́, mẹ́ta yóò san owó ilé náà pátá, títí kan owó ibi tí ẹbí ń gbé; ẹ̀kẹrin ni èrè. Ìdí nìyí tí kò fi bójú mu kí wọ́n ta ẹ̀kẹrin ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí iye rẹ̀ ṣì kéré jù, àfi bí owó bá ti tán lọ́wọ́, ìyẹn gan-an sì fi hàn pé àṣìṣe ti wọ ìṣirò láti ìgbà àwòrán. Nígbà tí ilé bá ti dúró, tí olùrà lè fi ojú ara rẹ̀ rí bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gba pálọ̀ kọjá, wọn yóò tà á ní iye tí ó yẹ ẹ́, tàbí kí wọ́n fi háyà fún ọdún kan. Èyí tí wọ́n fi háyà ní àǹfààní kan tí ó ju owó lọ: ilé-iṣẹ́ náà yóò ní ìdí láti máa wá sínú ilé náà ní àsìkò òjò, yóò sì rí ibi tí omi ń gbà wọlé kí ó tó ya irú rẹ̀ sórí ilẹ̀ mìíràn.